Mo Bú Sinimá, Èrò Kún Gbọ̀ngàn

Iṣẹ́ ìránṣọ ló gbé mi dé ilé sinimá, kì í ṣe fàájì. Mo fẹ́ kí èyí yé yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí títí ìyá ọkọ mi fi jáde láyé, wọn ò gbà á gbọ́.

Agége là ń gbé nígbà náà, láàárín àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ilé sinimá sì wà ní òdìkejì títì gan-an. Bí mo bá gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mò ń wò. Kó tó di ilé sinimá, ilé tí wọ́n ń kó obì sí ni. Bàbá tó ni ín ti ta obì fún àwọn Haúsá títí wọ́n fi rí ṣe. Wọ́n wá lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan, wọ́n wo sinimá, wọ́n padà dé, wọ́n ní àwọn kò ṣe obì mọ́. Wọ́n kó obì jáde, wọ́n kó bẹ́ǹṣì wọlé, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ dí gbogbo fèrèsé kí òòrùn má bàa wọlé, wọ́n sì kun gbogbo ògiri inú rẹ̀ ní ẹfun, kí sinimá lè máa hàn lára ti iwájú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Agége ti ń pè wọ́n ní Bàbá Onísinimá. Ṣùgbọ́n òórùn obì kò bá obì jáde. Bí o bá wo sinimá tán níbẹ̀, bí ẹni tó ti ibi ìkómọ bọ̀ ni wàá máa rùn.

Bí sinimá tuntun bá ti dé, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àwọn obìnrin á gbé aṣọ wá bá mi.

"Ẹ bá mi rán an bíi ti obìnrin inú sinimá yẹn."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó ń sunkún."

Gbogbo wọn ló ń sunkún! Nígbà tí mo ti rán aṣọ bíi mélòó kan lódì, tí ẹni tó ni ọ̀kan sì fi í jù mí lójú, mo sọ fún ọkọ mi pé mo ní láti máa fi ojú ara mi wo nǹkan wọ̀nyí. Ilé iṣẹ́ tuntun kan lọ́nà Ìkẹjà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tí mo bá ti dáná kí n tó lọ, kò sí ìjà. Ìyá ọkọ mi ló ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní láyé tàwọn, ara ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ ni aránṣọ ń wò, kì í wo ògiri.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wo gbogbo sinimá tó bá wọ Agége nìyẹn. N kò pinnu láti máa sọ ohun tí mo rí o. Ẹnu mi ni kò gbọ́ràn. Bí mo bá ń wọn èjìká ènìyàn, ọ̀rọ̀ á ti máa jáde.

Sinimá kábọ́ì la fi ṣí ọdún tí mo ń sọ yìí, nínú ọyẹ́, nígbà tí eruku Agége bo gbogbo nǹkan, tí a kò fi mọ̀ bóyá eruku inú sinimá ni àbí tiwa. Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí léèrè rẹ̀ ni aládùúgbò mi tó ń ta òwú àti bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ó jù mí lọ díẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ jù mí lọ púpọ̀.

"Ìyàwó, báwo ni sinimá náà?"

"Ó dára, ẹ jọ̀ọ́. Mo rí ọkùnrin kan tó ń yìnbọn láti ìgbà tí a jókòó títí a fi dìde, kò ki ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ káwọn ọdẹ wa lọ bá a, kó kọ́ wọn níṣẹ́."

"Háà!"

"Ó já bọ́ láti orí òrùlé, fìlà rẹ̀ kò ṣí. Wọ́n wọ́ ọ nínú iyanrìn, fìlà kò ṣí. Wọ́n gbá a lẹ́nu, eyín fò yọ, fìlà kò ṣí. Mo rò pé ìṣó ni ìyá rẹ̀ fi kàn án mọ́ ọn lórí ní kékeré."

"Kí ni wọ́n wá ń jà sí?"

"Màlúù ni. Bẹ́ẹ̀ a kò rí ẹni tó da màlúù kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí àwọn Fúlàní tó ń da ẹran kọjá l'Abúlé Ẹ̀gbá bá ń ṣe báyìí, ta ni ì bá rí ẹran jẹ? Nínú gbogbo wọn, ẹṣin nìkan ló mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ibi tí wọ́n bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ, kò sì sọ̀rọ̀ jù."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí àtẹ bọ́tìnì rẹ̀ fi dojú dé. Ká tó ṣa bọ́tìnì tán, ọ̀rọ̀ fìlà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbàṣe tó wà ní ojú irin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọdé tó bá ṣubú lójú títì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ké lé e lórí pé, "Fìlà kò ṣí!"

Bàbá Onísinimá gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n la títì kọjá tagbádá-tagbádá, wọ́n dúró sí iwájú ẹ̀rọ mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Wọ́n ní o ní ìṣó ni wọ́n fi kan fìlà ọmọ mi mọ́ ọn lórí."

"Bàbá, n kò mọ̀ pé ọmọ yín ni. Ẹ má bínú. Tí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá yìn yín fún bí ẹ ṣe tọ́ fìlà náà."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ẹnu! Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé mo ti wá dúró níwájú ìsọ̀ rẹ rí, kí n máa pariwo pé apá kan bùbá tó o rán gùn ju èkejì lọ?"

Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì láǹfààní láti ṣe é. Wọ́n ní àwọn máa fẹjọ́ mi sun ọkọ mi, àwọn á sì fẹjọ́ mi sun àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà l'Agége, nítorí ọmọ ìlú kan náà ni wá. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Sátidé dé. Kí n tó ká aṣọ mi kúrò nílẹ̀, èrò ti bo iwájú ilé sinimá. Àwọn kan wá láti Ọgbà, àwọn kan sọ kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀ sí iwájú ìsọ̀ mi láìkí mi. Bẹ́ǹṣì kò gbà wọ́n, wọ́n dúró ti ògiri títí ẹfun fi bo gbogbo ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí kábọ́ì ọmọ Bàbá já bọ́ láti orí òrùlé, gbogbo ilé ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Fìlà kò ṣí!" Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ́wọ́ lọ, igbe náà sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá Onísinimá dúró síbẹ̀, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó ń ka orí àwọn ènìyàn, tí kò sì mọ ibi tó ka dé mọ́.

Wọn ò fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n rán ẹni tó ń yí ẹ̀rọ sinimá wá pé kí n wá wo nǹkan kan. Àga ni, àga onígi tó ní ẹ̀yìn àti apá. Wọ́n ti gbé e sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé e bí kò ṣe èmi.

"Sinimá tuntun ń bọ̀," ni Bàbá wí. "Mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ wò ó."

"Kí n máa yìn ín ni, Bàbá?"

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ta ló sọ fún ọ pé kó o yìn ín?"

Bí mo ṣe dé ipò nìyẹn. Àwọn mìíràn ń joyè nílùú wọn, èmi joyè abúni l'Agége.

Sinimá àwọn ará Íńdíà ló tẹ̀ lé e, ó bọ́ sí àkókò òjò. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lu páànù gbọ̀ngàn náà, a kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn nígbà tí òjò kò rọ̀. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ara wọn. Dípò kí wọ́n rán alárinà sí ilé àwọn òbí, igi ni wọ́n ń sá yí ká. Ọmọbìnrin á sá síbí, ọmọkùnrin á yọjú lọ́hùn-ún. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi pé igi ni mo káàánú jù, nítorí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí kò kàn án dà á láàmú. Ìyá ọmọkùnrin náà wá ń ṣàìsàn. Ikọ́ ń ṣe é. Àwa tí ikọ́ ń ṣe, ṣé a lè pe orúkọ ọmọ wa tán? Obìnrin yìí dìde lórí ibùsùn ikú, ó kọ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó lé e, ó tún un lé, ó wá padà sùn, ó kú. Ìyá Ìbejì ní bóyá orin ló pa á. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó ti kú ṣáájú orin ni, ǹ bá tètè délé lọ sùn.

Mo bú u, èrò wọ́ lọ. Wọ́n tún padà dé pẹ̀lú aṣọ. Gbogbo obìnrin Agége ló fẹ́ ìborùn gígùn tó ń wọ́ lẹ́yìn ẹni, tí afẹ́fẹ́ á máa gbé. Mo sọ fún wọn pé inú ẹrẹ̀ la wà. Wọn kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó akọ̀wé kan, lo tirẹ̀ jáde lọ sí ọ̀nà Ọgbà. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan kọjá, ìborùn kó sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ó fa obìnrin náà títí dé iwájú ilé alágbẹ̀dẹ kí ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ tó mọ̀ pé òun gbé èrò. Kò lọ bá oníkẹ̀kẹ́ jà, èmi ló wá bá.

"Ohun tẹ́ ẹ rán fún mi nìyí!"

"Ohun tẹ́ ẹ ní kí n rán ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹ rí kẹ̀kẹ́ kankan nínú sinimá náà? Àwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí bú jù lọ́dún náà ni sinimá tí wọ́n ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti yà á. Òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé wọ inú igbó lọ láti pa kìnnìún, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà onígìgísẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n so ewé mọ́ ìdí ló ru ẹrù wọn: tábìlì, àga, títí kan agbada ìwẹ̀. Nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, ẹnì kan béèrè pé, "Níbo nìyẹn?" Akọ̀wé tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ní, "Wọ́n ní Áfíríkà ni." Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde láti bẹ́ǹṣì iwájú: "Áfíríkà, apá ibo? Ṣé ẹ̀yìn Ọ̀tà ni?"

Kìnnìún yẹn ló jẹ́ ọmọlúwàbí jù lára wọn. Ó yọ, ó rí i pé òyìnbó kò tíì fa ìbọn yọ, ó dúró dè é. Ìyàwó òyìnbó dákú, wọ́n jí i, ó tún dákú, aṣọ rẹ̀ kò sì rún. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni mo fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi wá orúkọ aṣọ náà dé Èkó, mo fẹ́ rà á fún àwọn obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú aláṣọ ewé, mo ní ẹ̀gàn ni iṣẹ́ ìránṣọ rí níbẹ̀, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí n ó rí ilẹ̀ tí kò ní aránṣọ kankan. Àwọn ènìyàn Agége lọ wo ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn á rí ẹbí kan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀, títí ọdún fi fẹ́ parí, tí sinimá kan dé tí Bàbá Onísinimá kò béèrè. Àwọn tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ láti Èkó ló ṣe àṣìṣe. Bàbá retí ìjà, wọ́n sì kó ọ̀fọ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbé ilé kan létí òkun. Ọmọ náà bá ọkọ̀ ojú omi lọ, kò padà. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ pé ó ti kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ nínú ilé náà. Ní alaalẹ́, ìyá àgbà á bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sínú abọ́, á fi àwo bò ó, á gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyàwó ò fẹ́ kí ìyá jí kó bá oúnjẹ nílẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Yóò yọ́ dìde, yóò jẹ oúnjẹ náà tán, kí ìyá lè rò pé ọmọ wálé kó tó tún lọ. Ìyàwó yìí kan náà kì í jẹun lójú ọ̀sán. Ìbànújẹ́ ti dí i lọ́nà ọ̀fun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìgbà tí sinimá fẹ́ tán ni a tó rí ìyá àgbà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó dúró, ó ń wo ìyàwó bó ṣe ń jẹun. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọ òun kò ní padà. Ìyàwó gan-an ló ń dáná fún.

Wọn kò jà. Wọn kò sá yí igi ká. Orin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìyá àgbà ló kọ ọ́, kò sì parí rẹ̀.

Mo jókòó lórí àga mi, mo ń wá ohun tí n ó bú. Mo wo aṣọ wọn, ó bá ara wọn mu. Mo wo ẹkún wọn, kò pọ̀. N kò rí nǹkan kan. Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló rí lára mi. Nígbà tó yá, n kò rí ògiri mọ́, omi ti bo ojú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ìbejì ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ó yá, sọ fún wa."

"Ó dára."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó dára bíi ti kábọ́ì àbí bíi ti àwọn tó ń sá yí igi ká?"

"Ó dára ni mo wí. Ó dára."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Wọn ò jà?"

"Wọn ò jà."

"Kò sẹ́ni tó kú?"

"Ẹnì kan ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀. A kò rí i."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí, bí ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn, ó sì gbé àpótí rẹ̀ padà.

Kò sẹ́ni tó lọ. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó lọ. Bàbá Onísinimá wọ ìsọ̀ mi, wọn kò tilẹ̀ dúró gba ìkí.

"O pa mí. Kí ni mo fi ṣe ọ́? Mo gbé àga fún ọ. Kí ló dé tó o yìn ín?"

"Bàbá, ó dára ni."

"Mo mọ̀ pé ó dára! Èmi náà sunkún níbẹ̀! Ta ló bi ọ́ pé ó dára?" Wọ́n nu ojú. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo máa dá a padà sí Èkó. Kí wọ́n fún mi ní kábọ́ì mi."

Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo wo gbogbo ọdún náà tán, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kò ní wò. Mo ní ó kéré tán, ẹnì kan nínú ilé mi á rí i. Ọkọ mi wà ní ibi iṣẹ́. Ó ku ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní tẹ ẹsẹ̀ sí ibẹ̀ láyé. Mo mọ bí n ó ṣe bá wọn sọ ọ́.

"Ìyá, ìyàwó kan wà nínú sinimá yìí tó ń jí oúnjẹ tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ jẹ."

Wọ́n ti ń wé gèlè. "Olè! Níbo?"

Ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè ni. Àwa méjèèjì la wà níbẹ̀, àti ọkùnrin kan tó wá sùn nítorí pé ibẹ̀ tutù, àti àwọn obìnrin Aládùúrà méjì tí ìjọ wọn rán wá wo bí ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ṣe tó. Ìyá jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú. Nígbà tí ìyàwó kọ́kọ́ ṣí àwo lórí abọ́, wọ́n dìde dúró.

"Ó ń jẹ ẹ́ o! Ẹ wò ó, ó ń jẹ ẹ́! Màmá, ẹ jí!"

Ọkùnrin tó ń sùn ló jí. Mo fà wọ́n jókòó. Wọ́n ń bú ìyàwó náà lọ, wọ́n ń sọ irú ìdílé tó ti wá, wọ́n sì ń fi ojú kan wò mí, títí a fi dé ibi tí ìyá àgbà ti dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọkọ̀ ojú irin kọjá, ilẹ̀ mì, wọn ò yíjú. Nígbà tí ìyá àgbà bu oúnjẹ ọjọ́ kejì, tó sì fi díẹ̀ kún un ju ti àná lọ, mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

A la títì kọjá, wọ́n yíjú sí mi.

"Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó fi kún un lọ́jọ́ kejì. O rí i?"

"Mo rí i, Ìyá."

A rìn díẹ̀. "Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ á ti pọ̀ jù," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ń sunkún kì í mọ iyọ̀ bù." Wọ́n gba agbọ̀n tí mo gbé lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fúnra wọn dé ilé. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo pe Ìyá Ìbejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ lórí sinimá yẹn. Ojú ló ń tì mí láti sọ òótọ́. Ohun ẹ̀gàn ni. Ìyàwó kan tí kò mọ̀ ju olè oúnjẹ lọ, àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń ba dè é lẹ́yìn aṣọ ìkélé! N kò mọ ìdí tí ìjọba fi jẹ́ kó wọlé. Obìnrin tó bá ní ìyá ọkọ nílé kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ìyá tó bá sì ní ìyàwó ọmọ, kó yáa máa gba ọ̀nà mìíràn."

Ojú Ìyá Ìbejì tàn bí àtùpà. "Ó ń jalè? Ó ń jẹ ẹ́ tán?"

"Ó ń lá abọ́."

Kò dúró palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́ tó fi gba òde lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò bá wá wo ogun. Àwọn ìyá ọkọ jókòó sí apá ọ̀tún, àwọn ìyàwó sí apá òsì, oníkálukú ti pọ́n ẹnu wá láti ilé. Nígbà tí ìyàwó ṣí abọ́, apá ọ̀tún hó gèè, apá òsì ké padà pé ẹ jẹ́ kó jẹun. Èébú ń lọ, èébú ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ, mo gbọ́ tí ariwo náà ń fà sẹ́yìn, bí òjò tó ń dá lórí páànù. Ní àárín rẹ̀, fíìmù já, bó ṣe máa ń já, òkùnkùn ṣú. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló máa ń bú ẹni tó ń yí ẹ̀rọ, wọ́n á bú baba rẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ń dúró.

Nígbà tí ó tán, tí wọ́n ṣí àpò ìdọ̀họ kúrò lójú fèrèsé, wọn kò dìde. Mo rí ìyá àgbà kan tó wò kọjá sí apá òsì, sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ṣé o jẹun kó o tó jáde?"

Ìyàwó náà bú sẹ́kún.

Inú mi dùn. Inú mi dùn fún gbogbo ọjọ́ Sátidé àti gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ní Mọ́ńdè, wọ́n wá bá mi. Wọ́n wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ní méjì méjì.

"Ìyá Aránṣọ, ojú wo lẹ fi wo sinimá yẹn?"

"Ẹ ò láàánú lójú. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ pè ní olè!"

"Ìyá àgbà tó ń dáná nínú ọ̀fọ̀, ẹ ní ó ń ba de ènìyàn!"

Ìyàwó akọ̀wé, ẹni tí kẹ̀kẹ́ fà, ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé n kò mọ nǹkan. Ìyá Ìbejì ló sọ èyí tó parí rẹ̀. Ó fọwọ́ lé èjìká mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ràn mi: "Ìyàwó, o mọ aṣọ. Sinimá ni o ò mọ̀. Jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa."

Mo ní òótọ́ ni.

Bàbá Onísinimá kò dá sinimá náà padà títí ọdún fi parí. Ní ti àga mi, wọ́n ní ó ṣòro fún àwọn láti gbé ẹni tí gbogbo Agége ti rí i pé kò lójú sí ìjókòó iyì. Wọ́n gbé e fún onígbàjámọ̀ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ọkùnrin náà mọ ìyìn. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé sára ògiri, ó dára. Bí wọ́n bá gbàgbé tí wọn kò gbé nǹkan kan síbẹ̀, á ní ẹfun náà funfun dáadáa. Èmi padà sí bẹ́ǹṣì. Ìyá ọkọ mi ń bá mi lọ ní ọ̀sán Sátidé, a jọ ń jókòó, wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn ara ògiri ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, sinimá kan dé, tàwọn olè ojú òkun tó ń fi ẹnu gbé ọ̀bẹ kiri. Ìyá Ìbejì gbàgbé ara rẹ̀, ó bi mí bó ṣe rí. Mo ń wa ẹ̀rọ mi lọ. Mo ní kó lọ bi onígbàjámọ̀. Ó pòṣé, ó lọ.

Kò pẹ́ tó fi padà dé, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó tì mí, ó sì ń yọ òwú tó wọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Onígbàjámọ̀ ní ó dára," ló wí.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi."

"Mo mọ̀ pé kò dára. Ẹni tó bá ní ojú mọ̀ pé kò lè dára." Ó sún mọ́ mi sí i. "Jọ̀ọ́, ìyàwó, má wò mí báyìí. Sọ bí kò ṣe dára náà fún mi."

Mo yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo sì la ẹnu.